Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọ̀tá Mi Ni Ọmọ Mi Ti Ń Kọ́ni

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, inú ń bí mi, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé kò bí mi. Láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí kò ti jẹun nínú ilé mi. Kò ṣàìsàn, kò sì lọ sí ìdálẹ̀. Àjàṣẹ́ yìí náà, Porto-Novo, ló wà, ní àdúgbò Dowa, ibi tí mo lè fi ẹsẹ̀ rìn dé kí omi tí mo gbé kaná tó hó. Ṣùgbọ́n ibi tó jókòó sí tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọkùnrin tó pa bàbá rẹ̀ ni. Àwọn kan ní kí n yé lo ọ̀rọ̀ náà, pé ọkùnrin náà kò gbé ọ̀bẹ, kò gbé ìbọn. Ṣé ọ̀bẹ àti ìbọn nìkan ló ń pa èèyàn ni? Mo fẹ́ gba ọmọ mi padà, n kò sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi tẹ ilé ọkùnrin yẹn. Gbogbo ohun tó ń dùn mí kò ju ìyẹn lọ. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan. Kíláàsì àgbà ayé ìjọba ológun tí à ń pè ní Rẹfolúṣọ̀n ni mo ti mọ a, b, d, ọjà ló kọ́ mi ní ìyókù. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti kọ ọ́ wọ́, ẹ fò ó kọjá, kí ẹ dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Oníṣẹ́ rédíò ni ọkọ mi. Ní Dowa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nígbà tí àwọn ológun gbàjọba tí wọ́n ní ayé ti yí, tí kálukú ń pe ẹnì kejì ní kámáráàdì, tí àwọn Gùn ń pariwo Ehuzu, ó ti yí, lójú pópó. Rédíò tó bá ti yadi, bí wọ́n bá gbé e dé iwájú ọkọ mi, yóò sọ̀rọ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Kò pẹ́ ni wọ́n yan Délégè fún wa. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pe ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò nígbà náà, orúkọ yẹn náà ni mo sì máa pè é dé ìparí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ dára jù fún un. Ọkùnrin náà wá bá ọkọ mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní ìmọ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan mọ́, ó ti di ti gbogbo wa. Ó ní kí ọkọ mi máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní iṣẹ́ rédíò lọ́fẹ̀ẹ́, kí ṣọ́ọ̀bù àti irinṣẹ́ inú rẹ̀ di ti àwùjọ. Inú ọkọ mi dùn sí i. Ẹni tó fẹ́ràn kí ẹlòmíràn mọ nǹkan ni. Èmi gbé ọmọ pọ̀n níbi tí mo dúró sí, mo bi í pé, "Bó bá di ti gbogbo wa, ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú oníṣòwò ni mo fi ń wo gbogbo nǹkan.

Ó kọ́ wọn. Ó kọ́ ọmọ Gùn, ó kọ́ ọmọ Nàgó, ó kọ́ ẹni tó lè sanwó àti ẹni tí kò lè san. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn ti mọ iṣẹ́ náà tán, Délégè pààrọ̀ àgádágodo ilẹ̀kùn. Ó ní ẹni tí kò bá wá sí ìpàdé kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Lẹ́yìn náà ó ní ẹni tí òun bá fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n máa kọ́. Ó wá di ọjọ́ kan tí ọkọ mi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tó fi òógùn ara rẹ̀ ṣe, tó ń tọrọ àyè kó lè wọlé mú irin tó fi ń jó òjé. Ó bínú, ó sọ̀rọ̀ síta. Ṣé ẹni tí wọ́n gba ilé rẹ̀ kò ní sọ̀rọ̀ ni? Délégè lọ sọ fún àwọn agbófinró pé ọkọ mi ń tún rédíò ṣe fún àwọn tó ń gbọ́ ilé iṣẹ́ rédíò òkèèrè tó ń bú ìjọba. Ta ni kì í gbọ́ ọ nígbà náà? Délégè pàápàá ń gbọ́ ọ, ọkọ mi ló tún tirẹ̀ ṣe. Wọ́n mú un lọ. Nígbà tí wọ́n dá a padà, ikọ́ ló bá a dé, ikọ́ náà ni kò sì fi í sílẹ̀ títí tó fi kú, kí eyín Ṣadé ọmọ wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Délégè wá síbi ìsìnkú. Ó dìde láàárín èrò, ó sọ̀rọ̀ gígùn, ó pe òkú ọkọ mi ní kámáráàdì.

Mo di opó, mo sì fi òwò tọ́ ọmọ. Mo ru aṣọ kọjá ní ẹnubodè Kraké, mo bá àwọn dùwánnì aṣọ́bodè jà, mo bẹ̀ wọ́n, mo sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Rẹfolúṣọ̀n kógbá wọlé, tí ọjà ṣí, mo kúrò nídìí aṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù tòkunbọ̀: ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, fíríìjì, nígbà tó yá ó kan kọ̀ǹpútà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Djègan-Kpèvi títí di òní. Ohun kan tí mo kọ́ látara ikú ọkọ mi ni pé ẹ̀bìtì náà kì í gbowó lọ́wọ́ eku kó tó fún un ní ẹja. Ẹni tó bá ní kí n wá gba nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kejì ni mo máa ń wò.

Báyìí ni ọmọ tí mo fi owó òwò rán lọ sí yunifásítì ṣe wá gbé ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ wọlé tọ̀ mí wá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́, nítorí èmi náà kò tètè mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ máa ń dé pẹ̀lú inú òfìfo. Òyìnbó tó lò ó ti nu inú rẹ̀ kó tó dà á sọ́kọ̀. Ohun tó ń mú kó jí kó sì gbọ́ àṣẹ ni wọ́n ń pè ní sísitẹ́ẹ̀mù, láìsí i, pósí irin lásán ni ẹ rà. Àwọn tó ń bá mi fi í sí i tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n jí dà kọ ni wọ́n ń fi sí i. Kì í pẹ́ tí á fi dákú sí oníbàárà lọ́wọ́, tí á ní kí ó lọ sanwó fún olówó òun, oníbàárà á sì gbé e padà wá bá mi pẹ̀lú èébú. Ṣadé ní sísitẹ́ẹ̀mù mìíràn wà tí kò ní olówó, tí ẹnikẹ́ni lè fi sínú ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó tú inú rẹ̀ wò, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún aládùúgbò rẹ̀, tí kì í ṣe olè. Ó ní òun fẹ́ máa kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ìyá ọjà bí wọ́n ṣe ń fi í sí i àti bí wọ́n ṣe ń lò ó, nínú ṣọ́ọ̀bù mi, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé.

Ó ní, "Màmá, ta ló ni irun ṣùkú?"

"Ta ni yóò ni ṣùkú?"

"Bí ẹnì kan bá rí i lórí ẹlòmíràn, tó wù ú ńkọ́?"

"Á lọ di tirẹ̀."

"Bó bá fi òwú aláwọ̀ sí i?"

"Orí rẹ̀ ni, ọ̀ràn ẹlòmíràn kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá. Ẹ kàn ti ń lò ó kí ẹ tó bí mi ni."

Mo sọ fún un pé kó kọ́ wọn, kó sì máa wò ó bóyá ẹnikẹ́ni á wá. Òótọ́ ni mo sọ. Kò sẹ́ni tó wá. Ṣadé to àga, ó nu ẹ̀rọ, ó jókòó tì wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù. Gbogbo àwọn tó tó mi lọ́jọ́ orí ń yọjú, wọ́n ń bi mí lábẹ́lẹ̀ pé, "Ìyá Ṣadé, ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Ẹgbẹ́ òṣèlú wo?" Ìbéèrè tí èmi náà ń bi ara mi kọ́ nìyẹn? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo ọmọ mi tó ń dá jókòó, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì fi ọgbọ́n ọjà tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ọjà wa kò mọ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ èènì. Bí o bá ra ìrẹsì lọ́wọ́ mi tí n kò bá bu èènì sí i, ahun ni mo jẹ́. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wí fún àwọn oníbàárà pé ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi, ọmọ mi yóò fi sísitẹ́ẹ̀mù àti ẹ̀kọ́ ṣe èènì fún un. Kò sẹ́ni tó tún bi mí pé ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń bínú pé èènì àwọn kò tíì pé, wọ́n ń padà wá lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, àwọn tí kò ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi rárá náà ń gbé tiwọn wá, Ṣadé kò sì lé ẹnì kankan.

Ẹ̀rín ni kíláàsì náà, mi ò lè parọ́. Ìyá Rafíà, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, gbé eku kọ̀ǹpútà sókè, ó nà án sí ojú ẹ̀rọ bí ẹni ń yin ìbọn. Ṣadé ní, "Ìyá, ẹ fi í rìn lórí tábìlì ni." Ó dáhùn pé, "Eku wo ló ń rìn lórí tábìlì tí a ò ní fi bàtà lù?" Nígbà tí ẹ̀rọ ní kí wọ́n mú ìlú tí wọ́n wà kó lè mọ aago, tí wọ́n ń wá Kútọnu tí wọn kò rí i, Àjàṣẹ́ wa ni wọ́n rí níbẹ̀, Porto-Novo gbàǹgbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Káfíńtà kan sọ pé láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnì kan máa rántí pé àwa ni olú ìlú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ ní kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀, gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ ká ọwọ́ kúrò. Ìyá Rafíà ní, "Kí n kọ orúkọ? Kí wọ́n lè máa wá mi wá sí ìpàdé?" Ṣadé ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀, pé ẹ̀rọ ara wọn nìkan ló máa mọ̀ ọ́n. Wọn kò gbà. Ẹni tó ti dàgbà nígbà Rẹfolúṣọ̀n mọ̀ pé orúkọ tó bá ti kúrò lẹ́nu kì í padà síbẹ̀. Níkẹyìn, gbogbo wọn kọ Èènì. Títí di òní, bí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà tí àgbà kan rà ní Djègan-Kpèvi, Èènì lẹ máa bá lójú rẹ̀.

Inú kíláàsì yẹn ni Délégè rìn wọ̀. Ó ti darúgbó, ó tẹ ọ̀pá, ẹ̀rọ rẹ̀ wà nínú àpò tó gbé kọ́ èjìká, ó fẹ́ máa fi rí ọmọ rẹ̀ tó wà ní òkè òkun. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Mo fa Ṣadé wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ẹni tí ó jẹ́ fún un. Omi lé sí i lójú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

"Màmá, mo gbọ́."

"O gbọ́, kí lo máa ṣe?"

"Màá kọ́ ọ."

"Kọ́ ta?"

"Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹni tó máa wọlé, Màmá, èmi ni mo wá di Délégè yẹn."

Ẹ ò rí nǹkan? Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n wọ ọgbà tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí, òun ló ń fi ẹni tó rán an lọ síbẹ̀ wé ara rẹ̀. Ṣadé padà sọ́dọ̀ wọn, ó jókòó ti ọkùnrin náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí eku, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bọ́ aláìsàn. Nígbà tí ẹ̀rọ béèrè orúkọ, ọkùnrin náà wojú Ṣadé, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé dandan ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Mo rìn wọ àárín wọn. Mo ní, "Kọ ọ́. Ìwọ tí o kó orúkọ gbogbo àdúgbò fún àwọn agbófinró, tìrẹ ń wúwo lọ́wọ́ rẹ?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún kíláàsì, láti orí àgádágodo dé orí ìsìnkú. Ìyá Rafíà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Háà, Bàbá, ẹ kọ ọ́ o, ká lè mọ ilé tí a ti máa wá yín." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò bá mi jà, kò sẹ́, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó oníṣẹ́ rédíò," ó sì dojú kọ ẹ̀rọ, ó fi ìka kan ṣoṣo kọ orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀. Nínú gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀, òun nìkan ló kọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣé ẹ rò pé ìyẹn rọ̀ mí lọ́kàn? Ó tún bí mi nínú sí i ni. Ta ló fún un ní àyè láti ní ìgboyà nínú ṣọ́ọ̀bù mi? Mo fa okùn iná yọ lára ògiri. Ẹ̀rọ náà, tí bátìrì rẹ̀ kò gbé iná mọ́, kú sórí iṣẹ́. Sísitẹ́ẹ̀mù tí wọ́n bá gé láàárín kì í wúlò mọ́, ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa padà sí.

Ṣadé kò pariwo mọ́ mi. Ó gba okùn lọ́wọ́ mi, ó tì í bọ ihò ògiri padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin náà. Mo ní bí ọkùnrin náà bá tún fẹsẹ̀ kan wọ ibí, kí Ṣadé náà bá a jáde. Ó bi mí pé, "Ṣé ó dá yín lójú, Màmá?" Mo ní ó dá mi lójú. Ó kó àwọn àwo pẹlẹbẹ tí sísitẹ́ẹ̀mù wà lórí wọn, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, mo gbọ́ pé Délégè ti ṣí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún kíláàsì náà láìgba kọ́bọ̀, àti pé ọmọ mi ti gbà. Àwọn tó ń rin ibẹ̀ kọjá ní ọkùnrin náà ló ń gbá a fúnra rẹ̀, òun ló ń bu omi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìyá Rafíà tí mo rò pé tèmi ló ń ṣe náà ń lọ síbẹ̀. Mo bi í léèrè, ó ní, "Ìyá Ṣadé, èènì mi kò tíì pé." Wọ́n ní Délégè ti di èèyàn gidi. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò lè gbàgbé láéláé.

Mo wá ẹlòmíràn tó ń fi sísitẹ́ẹ̀mù sí ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n jí ló tún fi sí i, èébú padà sí ẹnu ọ̀nà mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá láti Sakété. Ó wo ẹ̀rọ, ó dúnàá-dúrà, a fẹnu kò, ó sanwó. Ó wá ní, "Ìyá, ta ni yóò kọ́ mi? N kò mọ̀ ọ́n rí o." Mo ya ẹnu kí n júwe ilé Délégè fún un. Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹnu mi kọ̀. Obìnrin náà wojú mi títí, ó rò pé ara mi kò yá, ó gba owó rẹ̀ padà, ó lọ. Èmi tí dùwánnì kò gba oníbàárà lọ́wọ́ mi rí, mo fi ọwọ́ ara mi lé èyí.

Délégè rán alàgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì sí mi pé òun fẹ́ wá bẹ̀ mí. Mo ní kó lọ bẹ òkú, bí òkú bá gbà, kó wá sọ fún mi. Ní ọjọ́ Àìkú, Ṣadé máa ń kúnlẹ̀ kí mi lẹ́yìn ìsìn. Ó ti rù. Ó ń sọ ohun kan náà ní gbogbo ìgbà, pé kò sí àgádágodo lára ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, pé ọjọ́ tó bá wù mí kí n wá. Mo ń dáhùn kí ó dìde, mo ń lọ ilé mi, mo ń jẹ oúnjẹ tí mo sè fún ẹni méjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ka ọ̀rọ̀ mi dé ibí, ẹ̀yin tí ayé ti fi ojú yín rí nǹkan, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo ni mo ṣe lè gba ọmọ mi padà láìgba ẹnu ọ̀nà ọkùnrin yẹn wọlé? Bí ẹ bá mọ ọ̀nà mìíràn, ẹ fi hàn mí, n ó rìn ín, bó ti wù kó jìn tó. Ṣùgbọ́n ẹ má wí fún mi pé kí n dárí jì í. Èyí kọ́ ni mo bi yín.